Ajá Ọdẹ Tí Kò Gbọ́ Fèrè



A ní òwe kan tí tọmọdé tàgbà mọ̀: ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ọmọ aláìgbọràn ni a sábà máa ń pa òwe yìí fún. Lónìí, a kò bá ọmọ kankan wí. Ajá gan-an ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí. Ajá tó ń bá yín lọ sí oko, tó ń lé ọ̀yà kúrò nínú àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ yín. Ó gbóòórùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó wọgbó lọ. Ẹ fọn fèrè, ẹ pe orúkọ rẹ̀ títí ohùn yín fi ha, kò wẹ̀yìn. Ilẹ̀ ṣú, ẹ̀yin nìkan lẹ padà sílé.

Àwọn kan á ní àyànmọ́ ajá náà ni, pé èyí tí yóò sọnù ti sọnù. Èmi kò fara mọ́ ọn. Púpọ̀ nínú àwọn ajá tó ń sọnù, a kò fi fèrè kọ́ wọn rí. Àwọn mìíràn wà tí a kọ́, ṣùgbọ́n àwa fúnra wa la tún fi ẹgba kọ́ wọn pé kí wọ́n má padà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí le létí. Ẹ ní sùúrù, n óò ṣàlàyé rẹ̀. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kọ́ ọdẹ ní iṣẹ́ ọdẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń dẹ igbó kí wọ́n tó bí wa, ẹ mọ ohun tí kò sí nínú ìwé. Ọ̀rọ̀ ajá nìkan ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Kí ló dé tí ajá kò fi gbọ́? Etí rẹ̀ kò di. Nílé, bí ẹ bá rọra ṣí ìkòkò ọbẹ̀, yóò ti dé ẹsẹ̀ yín. Imú rẹ̀ ló gba gbogbo ọkàn rẹ̀. Nínú imú ènìyàn, àwọn ohun kéékèèké tí a fi ń gbóòórùn tó nǹkan bí mílíọ̀nù 5 tàbí 6. Ti ajá ju mílíọ̀nù 100 lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ nọ́ńbà, ẹ kọ 1, kí ẹ kọ òdo 6 tẹ̀ lé e: mílíọ̀nù kan nìyẹn. Ẹ wá wo irú rẹ̀ 100 nínú imú ajá kan. Ibi tí àwa ti ń rí koríko lásán, ajá ń ka ìwé níbẹ̀. Ọ̀yà kọjá níbí. Kò tíì pẹ́. Apá ọ̀tún ló gbà. Bí ẹnì kan bá ń ka lẹ́tà ọmọ rẹ̀ tó wà ní ìdálẹ̀, tí ẹ sì ń pè é, ṣé á tètè dáhùn?

Òórùn a máa rọ̀ mọ́ ilẹ̀ tútù. Ní òwúrọ̀ tí ìrì sẹ̀, tàbí lẹ́yìn òjò wẹ́wẹ́, ipa ẹran a máa pẹ́ nílẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá mú, tàbí nígbà ọyẹ́, ilẹ̀ á gbẹ, imú ajá náà á gbẹ, ipa á sì tètè parẹ́. Nítorí náà, òwúrọ̀ ìrì tí ajá ń ṣiṣẹ́ jù náà ni òwúrọ̀ tó ń sá jìnnà jù. Ẹni tó ń kọ́ ajá kékeré, kó má fi irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kó dúró kí ìrì gbẹ, kó sì ṣe é tán kí oòrùn tó le.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ọ̀rọ̀ ẹgba tí mo dá dúró.

Ajá sá lọ ní àárọ̀. Olówó rẹ̀ dúró, ó wá a kiri, ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ bàjẹ́, inú bí i. Ní ọ̀sán, ajá yọ láti inú igbó, ahọ́n rẹ̀ wà níta, ó ń ju ìrù. Olówó rẹ̀ gbá a lọ́rùn mú, ó nà án dáadáa, kó lè mọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ wo? Ajá kò lè so ohun tó ṣe ní àárọ̀ mọ́ ẹgba ọ̀sán. Ohun tó ṣe kẹ́yìn ló ń so ìyà mọ́, ohun tó sì ṣe kẹ́yìn ni pé ó padà wá bá yín. Ìyẹn ni ó gbà pé ẹ nà òun fún. Ní ọjọ́ mìíràn tó bá sá lọ, yóò dúró lókèèrè, yóò máa wò yín. Ẹ ó pè é, yóò jókòó. Ẹ ó ní ó ya olórí kunkun. Rárá o, ó gbọ́ ẹ̀kọ́ tí ẹ kọ́ ọ ni.

Bàbá ọdẹ kan lè bi mí pé: «Ajá tó fi mí sílẹ̀ nínú igbó láti àárọ̀, ṣé kí n wá máa kí i káàbọ̀ ni?» Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Ẹ kí i káàbọ̀. Ẹ fún un ní ohun tí ẹ bá ní lápò, kódà bó jẹ́ ègé àkàsà. Bí inú bá ń bí yín jù, ẹ má sọ nǹkan kan, ẹ ki okùn sí i lọ́rùn kí ẹ máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n ẹ má nà án.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀kọ́ fèrè kò bẹ̀rẹ̀ nínú igbó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ọmọ ajá bá ti já lẹ́nu ọmú, tó pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 8. Ẹ yan ohùn kan ṣoṣo. Ìbáà jẹ́ fèrè ìwo, ìbáà jẹ́ fèrè igi, ìbáà jẹ́ súfèé ẹnu yín, kò burú, bí kò bá ti ní í yí padà. Nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ fún un ní oúnjẹ, ẹ fọn ún lẹ́ẹ̀mejì kúkúrú, kí ẹ tó gbé àwo sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ní àárọ̀, bẹ́ẹ̀ ní alẹ́. Kí ìyàwó ilé náà ṣe bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ òun ló ń bọ́ ajá. Kí a gba fèrè náà lọ́wọ́ àwọn ọmọdé, nítorí fèrè tó ń dún láìsí oúnjẹ ń purọ́ fún ajá.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, ọmọ ajá á ti máa sáré tete bó bá ti gbọ́ ohùn náà. Ẹ wá máa fọn ún láti ẹ̀yìnkùlé, láti abẹ́ igi, láti ibi tí kò ti rí yín. Lẹ́yìn náà, ẹ mú un lọ sí ẹ̀bá oko pẹ̀lú okùn gígùn, nǹkan bíi mítà 10. Ẹ so okùn náà mọ́ ọ̀já ọrùn tó fẹ̀. Ẹ má ta á ní ojóbó tó ń fún un lọ́rùn. Kí ajá máa wọ́ okùn náà nílẹ̀, kó máa rò pé òun ló ni ara òun. Ẹ fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan. Bó bá wá, ẹ fún un ní ẹja gbígbẹ díẹ̀. Bí kò bá wá, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ okùn, ẹ rọra fà á mọ́ra, kí ẹ sì fún un ní ẹja náà bí ẹni pé òun ló wá fúnra rẹ̀. Ẹ má fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹni tó fọn ún lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ti kọ́ ajá pé ìgbà kẹwàá ni kó dáhùn.

Ìpele tó kàn ni ọ̀pọ̀ kò mọ̀, òun sì ni ọba gbogbo rẹ̀. Ẹ wá awọ ọ̀yà tútù. Ẹ fi okùn wọ́ ọ kọjá nínú koríko, kí ipa rẹ̀ wà nílẹ̀. Ẹ mú ajá wá pẹ̀lú okùn gígùn rẹ̀. Bó bá ti ń fi imú tọ ipa náà, ẹ fọn fèrè. Bó bá yí orí padà sí yín, àní bó jẹ́ orí nìkan, ẹ yìn ín, ẹ fún un ní ohun tó dùn ju tilé lọ: ìfun ẹran, ègé ẹran, ohun tí kì í rí lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tún jẹ́ kó padà sórí ipa náà.

Ẹ ó bi mí pé, èwo ni pípè é kúrò, kí a tún dá a padà? Ẹ rò ó wò. Nígbà wo ni àwa máa ń fọn fèrè nínú igbó? Nígbà tí a bá fẹ́ lọ sílé ni. Ajá ti mọ̀. Bí fèrè bá dún, ìgbádùn parí, okùn dé ọrùn. Ta ni yóò fẹ́ dáhùn irú fèrè bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárín iṣẹ́, tí ẹ ń fún un ní nǹkan, tí ẹ sì ń sọ fún un pé «Máa lọ!», fèrè kò ní í jẹ́ òpin ayọ̀ mọ́. Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ kan, oṣù ló ń gbà. Ajá àgbà tó ti mọ̀ ọ́n ṣe bó ṣe wù ú á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Okùn gígùn ni kí ẹ fi máa mú un jáde títí yóò fi yé e.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá wá tú u sílẹ̀ nínú igbó, ẹ máa wo ara rẹ̀. Kí ajá tó sá, ara rẹ̀ á sọ ọ́. Yóò ti máa rìn gbẹ̀fẹ́, àfi bó ṣe dúró lójijì. Orí á lọ sílẹ̀, ìrù á le tàbí kó máa gbọ̀n kíákíá, ẹ ó gbọ́ èémí rẹ̀ nínú koríko. Ìgbà yẹn gan-an ni fèrè ń ṣiṣẹ́. Bó bá ti rí ẹran lójú, tó ń gbó tó sì ń lé e, ẹ tọ́jú fèrè yín. Kò ní í gbọ́, ẹ ó kàn sọ fèrè náà di ariwo lásán létí rẹ̀ ni. Ẹ dúró kí gbígbó náà dáwọ́ dúró, kí ẹ tó pè é.

Ẹ so ṣaworo tàbí agogo kékeré mọ́ ọn lọ́rùn. Àṣà àwọn àgbà ni, ó sì dára. Níwọ̀n ìgbà tó bá ń dún, ẹ mọ ibi tí ajá wà. Bó bá dákẹ́ lójijì tí kò tún dún mọ́, ẹ tètè lọ wò ó, nítorí ó lè jẹ́ pé pàkúté ti mú un. Ẹni tó ń mú ajá lọ sí ibi tí àwọn ẹlòmíràn ń dẹ pàkúté wáyà sí, kó mú ẹ̀mú tó lè gé wáyà dání. Ọwọ́ lásán kò lè tú u nígbà tí ajá bá ń jà.

Àwọn ibì kan wà tí kò yẹ kí a tú ajá sílẹ̀ rárá. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ọ̀dà ni àkọ́kọ́. Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ mọ ọ̀nà tó ti Kútọ̀nú lọ sí Parakú, ẹ mọ bí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ṣe ń sáré níbẹ̀. Ẹ̀yin ará Kétu, ẹ mọ ọ̀nà Pobè. Ajá tó ti fi imú mọ́lẹ̀ kò rí ọkọ̀, kò sì gbọ́ ọ. Ibòmíràn ni igbó tí ìjọba fi pamọ́. Bí ajá bá lé ẹran wọ ibẹ̀, tí ẹ sì tẹ̀ lé e, aṣọ́gbó kò ní í bi ajá léèrè, ẹ̀yin ni yóò bi. Nígbà tí a bá ń sun igbó náà, ẹ so ajá yín mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan sì wà tí a máa ń gbàgbé: kì í ṣe òórùn ọ̀yà nìkan ní ń gbé akọ ajá lọ. Bí abo ajá kan bá ń wá akọ ní abúlé kejì, akọ tiyín yóò mọ̀ kí ẹ̀yin tó mọ̀. Fèrè kò ṣe nǹkan kan sí ìyẹn. Okùn nìkan ni.

Ihò òkété tún ní ewu tirẹ̀. Àwọn Òyìnbó ní irú ajá kan tí wọ́n ń pè ní terrier. Ẹni tó bá gbọ́ Faransé díẹ̀ á mọ̀ pé «terre» ni ilẹ̀. Ajá tó ń wọ inú ilẹ̀ lọ bá ẹran ni wọ́n ń fi orúkọ náà pè. Ara rẹ̀ kéré, ọkàn rẹ̀ le. Ajá wa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: á walẹ̀, á ki orí bọ̀ ọ́, á ki èjìká bọ̀ ọ́, títí a ó fi máa rí ìrù rẹ̀ nìkan. Bí ó bá jẹ́ ajá tó fẹ́ràn ihò ni tiyín, ẹ bọ́ ọ̀já ọrùn àti ṣaworo rẹ̀ kúrò ní ẹnu ihò, nítorí gbòǹgbò lè kọ́ ọ, kó sì dá ajá dúró síbẹ̀. Ẹ má sì ki ọwọ́ yín bọ̀ ọ́ láti fà á. Ejò a máa gbé inú ihò òkété. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ walẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ti aládùúgbò. Ajá tó sá tí kò rí ẹran ìgbẹ́ lè lọ kan ewúrẹ́. Ajá méjì tó bá jọ sá a máa ki ara wọn láyà. Ewúrẹ́ kan tí ajá pa lè dá ìjà sílẹ̀ láàárín ilé méjì tí wọ́n ti jọ ń jẹ, tí wọ́n jọ ń mu. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ fi májèlé sínú ẹran, kí ajá náà lè jẹ ẹ́. Bí ajá yín bá pa ẹran ẹlòmíràn, ẹ tètè lọ fúnra yín, kí wọ́n tó wá bá yín. Ọ̀nà kan sì wà tí ẹni tó bá rí ajá yín lè fi mọ olówó rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ orúkọ yín kọ, ẹ gé awọ tàbí páànù pẹlẹbẹ, ẹ kọ orúkọ yín, orúkọ abúlé yín àti nọ́ńbà tẹlifóònù yín sí i, kí ẹ rán an mọ́ ọ̀já ọrùn ajá. Ní ilẹ̀ Benin, láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, nọ́ńbà tẹlifóònù ti di 10, 01 ló sì bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà 8 àtijọ́ lẹ kọ, ẹ fi 01 sí iwájú rẹ̀.

Bí ajá bá ti lọ ńkọ́? Ẹ má sáré tẹ̀ lé e wọgbó. Ẹ dúró níbi tó ti fi yín sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì ní Yúróòpù, àwọn onímọ̀ so ẹ̀rọ kékeré mọ́ ajá ọdẹ 27, ẹ̀rọ tó ń fi ibi tí ajá gbà hàn. Wọ́n ṣọ́ wọn ní ìgbà tó lé ní 600 tí wọ́n sá wọgbó, wọ́n sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 2020. Nínú ìgbà 10, nǹkan bíi 6 ni ajá tún fi gba ojú ipa ara rẹ̀ padà. Nǹkan bíi 3 ni ó wá ọ̀nà mìíràn gbà. Ọ̀nà yòówù kí ó gbà, ibi tí olówó rẹ̀ wà ló ń wá. Bí ẹ bá ti kúrò níbẹ̀, ta ni yóò bá?

Bí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, ẹ bọ́ ẹ̀wù oko tí òógùn yín ti rin, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ gbé igbá omi tì í. Ẹ padà wá ní àfẹ̀mọ́jú. Ọ̀pọ̀ ajá ni wọ́n ti bá lórí ẹ̀wù olówó wọn, tí wọ́n ń sùn. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ ránṣẹ́ sí àwọn abúlé tó yí yín ká, kí ẹ sì mú ìkéde wá sí ilé iṣẹ́ rédíò tó sún mọ́ yín. Ẹ sọ àwọ̀ rẹ̀, ẹ sọ àpá ara rẹ̀, ẹ sọ ibi tó ti sá.

Bó bá wá padà lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì, ẹ fún un lómi díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì yẹ ara rẹ̀ wò kí àwọn ọmọ tó fò mọ́ ọn. Ẹ wo àárín ìka ẹsẹ̀ fún ẹ̀gún, etí fún eégbọn, ẹsẹ̀ àti ìbàdí fún wáyà pàkúté. Ẹ wá ojú eyín. Ajá tó lo òru nínú igbó lè ti bá ẹranko tàbí ajá mìíràn jà, ibẹ̀ ni àrùn dìgbòlugi ti ń wọlé. Àjọ tó ń rí sí ètò ìlera ní gbogbo ayé, tí a ń pè ní OMS, sọ pé nǹkan bí ènìyàn 59,000 ni dìgbòlugi ń pa lọ́dọọdún, ní Áfíríkà àti Éṣíà jù lọ. Ajá ló ń kó o ran wọn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ku ẹnì kan, àwọn ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Bí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára ènìyàn, ikú ló sábà máa ń já sí. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà. Láti ọdún 1885 ni Louis Pasteur ti gún ọmọ ọdún 9 kan, Joseph Meister, tí ajá bù jẹ, ọmọ náà kò sì kú.

Bí ajá bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, kódà bó jẹ́ ajá ilé yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ má fi epo sí i, ẹ má fi ewé dí i. Ẹ gbé onítọ̀hún lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ má pa ajá náà kíákíá. Ẹ so ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ 10, kí dókítà ẹran lè máa wò ó.

Ọmọ ajá tó bá ti pé oṣù 3 ti tó gún lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi, a sì ń tún un gún lọ́dọọdún. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ ajá yín jáde láti inú àpótí. Ẹ ka ọjọ́, oṣù àti ọdún tí wọ́n kọ sí i. Bó bá ti lé ní ọdún kan, ẹ mú ajá náà lọ bá dókítà ẹran kí ẹ tó tún mú un wọgbó.